Charlie Chaplin: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù, pẹ̀lú ìdáhùn wọn

Ta ni Charlie Chaplin? Ṣé ará Amẹ́ríkà ni?

Rárá o. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé. Òṣèré, aláwàdà àti olùdarí fíìmù ni. Òun ni ọkùnrin tó ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti àkẹtẹ̀ kékeré, tó ní irunmú péńpé, tó ń ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nínú àwọn fíìmù àtijọ́ tí kò ní ohùn. Ó tó ogójì ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀ títí tó fi kúrò. Orí ìtàgé Ìlú Ọba ló ti kọ́ gbogbo ohun tó gbé lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò tíì mọ Chaplin.

Ìgbà wo ni wọ́n bí i, ibo sì ni?

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1889 ni. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé East Lane ní Walworth, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti bí òun. Kò sí ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ níbi kankan: nígbà tí Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn wá a ní 1952, wọ́n wá a tì. Ibẹ̀ ni àhesọ ti pọ̀ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí. Láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe nǹkan bàbàrà kí òṣèré tó ń ti ìlú dé ìlú má lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ó jìyà ní kékeré, àbí wọ́n kàn fi ń ṣe àpọ́nlé ìtàn?

Òótọ́ ni, ìyà náà sì pọ̀. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles, àti ìyá rẹ̀, Hannah, jẹ́ akọrin ní music hall, ìyẹn àwọn gbọ̀ngàn tí mẹ̀kúnnù ti ń wo orin, ijó àti àwàdà ní alaalẹ́. Wọ́n pínyà nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ohùn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í há, iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Aldershot, ohùn náà tán lójú agbo. Charlie, ọmọ ọdún márùn-ún, ni wọ́n tì jáde láti kọrin dípò ìyá rẹ̀, owó sì ń rọ̀jò lé e lórí.

Ní 1896, òun, ìyá rẹ̀ àti Sydney ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé tí ìjọba ń kó àwọn aláìní sí ní Lambeth. Níbẹ̀, wọ́n á bọ́ aṣọ ọrùn ẹni, wọ́n á fún ẹni ní ti ilé náà, wọ́n á sì ya ọmọ nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n gbé Charlie lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Hanwell, ó sì lò tó ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀. Làpálàpá mú un lórí. Wọ́n fá orí náà kodoro, wọ́n kùn ún ní áyódìn, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀.

Ọtí pa bàbá rẹ̀ ní 1901, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ọpọlọ ìyá rẹ̀ dàrú. Ní 1903, Charlie tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń wo The Kid, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ lọ, tí ọmọ náà sì ń nawọ́, tó ń sunkún. Ẹni tó ṣe fíìmù náà mọ bó ṣe ń rí.

Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́?

Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú Eight Lancashire Lads, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń fi bàtà onípákó jó. Láti 1903 sí 1906, ó ṣe Billy, ọmọ ọ̀dọ̀ inú eré Sherlock Holmes, wọ́n sì gbé eré náà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ àwàdà gan-an ni Fred Karno. Sydney ló mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1908. Nínú eré Karno, ara ló ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Gbogbo ìṣubú, gbogbo ìgbájú, gbogbo ilẹ̀kùn tó ń gbá èèyàn lójú ni wọ́n máa ń ṣe léraléra títí tí kò fi ní í yẹ̀. Karno tún fẹ́ kí àánú díẹ̀ wà nínú ẹ̀rín. Chaplin gbayì nínú Mumming Birds, níbi tó ti ṣe ọ̀mùtí olówó tó jókòó sáàárín òǹwòran tó sì ń da eré rú. Stan Laurel, tó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà, wà nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà. Òun ni wọ́n fi ṣe arọ́pò tí Chaplin kò bá lè jáde, wọ́n sì jọ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní 1910.

Báwo ló ṣe dé inú sinimá?

Nígbà ìrìnàjò kejì tí ẹgbẹ́ Karno rìn lọ sí Amẹ́ríkà ni iléeṣẹ́ fíìmù Keystone, tí Mack Sennett jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ránṣẹ́ pè é. Ó tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, ó sì wọṣẹ́ ní California ní oṣù Kejìlá. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Making a Living, jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1914. Aṣọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ kò sí lára rẹ̀ níbẹ̀.

Ní Keystone, eré sísá ni gbogbo iṣẹ́: ọlọ́pàá ń lé olè, olè ń lé ọlọ́pàá, fíìmù á sì ti parí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Chaplin fẹ́ kí nǹkan rọra lọ, kí òǹwòran ráyè mọ ẹni tó ń wò. Ìjà sábà máa ń wà láàrin òun àti àwọn olùdarí nítorí èyí. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, òun fúnra rẹ̀ ti ń darí. Fíìmù 36 ló ṣe níbẹ̀ láàrin ọdún kan.

Aṣọ yẹn ńkọ́? Ta ló ronú kàn án?

Òun ni. Ohun tó fẹ́ ni kí gbogbo rẹ̀ máa tako ara wọn: ṣòkòtò fẹ̀, kóòtù fún, bàtà tóbi, àkẹtẹ̀ kéré. Ó fi irunmú kún un kó lè dà bí àgbà díẹ̀, nítorí ọmọ ọdún 24 ni, Sennett sì ti rò pé ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ó gé e kéré kó má baà bo ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ibẹ̀ ni òṣèré tí kò sọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ìrìn náà, ó ní òun rí i lára bàbá arúgbó kan tó máa ń bá àwọn èèyàn di ẹṣin mú níwájú ilé ọtí ní Kennington.

Tí ẹ bá wo aṣọ náà dáadáa, ti ọ̀tọ̀kùlú ni, kì í ṣe ti alágbe: kóòtù, táì, àkẹtẹ̀, ọ̀pá. Ó ti gbó ni. Ọkùnrin náà ò nílé, kò jẹun, síbẹ̀ ó ń ṣí àkẹtẹ̀ kí obìnrin. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá, ibẹ̀ náà ni àánú ti ń wá.

Mabel's Strange Predicament ni wọ́n kọ́kọ́ ya pẹ̀lú aṣọ yìí, ṣùgbọ́n Kid Auto Races at Venice ló ṣíwájú rẹ̀ jáde, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1914. Ẹ wá èyí wò, kò gùn rárá. Àwọn ọmọdé ń sáré ọkọ̀, ẹnì kan ń gbìyànjú láti yà wọ́n, ọkùnrin kan sì ń já wọ iwájú kámẹ́rà ṣáá. Ojú àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ máa wò. Èrò gidi tó wá wo eré ọkọ̀ ni wọ́n, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó mọ Chaplin. Àwọn kan ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín.

Ṣé irunmú gidi ni?

Irọ́ ni, lílẹ̀ ni. Nígbà tó bá ti ṣí i kúrò, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì ga tó mítà 1.65 péré.

Èló ni wọ́n ń san fún un?

Ní Keystone, dọ́là 150 lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 175. Ní 1915, Essanay san 1,250 lọ́sẹ̀ pẹ̀lú 10,000 tí wọ́n fi fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ní 1916, Mutual san 10,000 lọ́sẹ̀ àti 150,000 lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 670,000, kò tíì pé ọmọ ọdún 27 nígbà náà. Ní 1917, First National fún un ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún fíìmù mẹ́jọ.

Ẹ má wo owó náà nìkan. Ohun tó ń rà ní gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀ iléeṣẹ́ ni àkókò. Fíìmù 36 lọ́dún kan ní Keystone. Ní Mutual, 12 ló ṣe, ó sì gbà á tó ọdún kan àbọ̀. Ní 1919, òun, àwọn òṣèré Mary Pickford àti Douglas Fairbanks, àti olùdarí fíìmù D. W. Griffith dá iléeṣẹ́ United Artists sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ta fíìmù wọn fúnra wọn. Lẹ́yìn tó parí àwọn fíìmù tó jẹ First National, ẹnikẹ́ni ò tún lè sọ fún un pé kó yára.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ má fi ti Keystone bẹ̀rẹ̀. Easy Street àti The Immigrant, méjèèjì ní 1917, kò gùn, wọ́n sì dára jọjọ. Lẹ́yìn náà, The Kid (1921), The Gold Rush (1925) àti City Lights (1931). Tí àwọn ọmọdé bá wà nílé, The Circus (1928) ni. Kìnnìún àti ọ̀bọ wà nínú rẹ̀. Modern Times (1936) àti The Great Dictator (1940) á túbọ̀ yé yín lẹ́yìn àwọn wọ̀nyẹn.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn inú fíìmù rẹ̀ fi ń sáré bí ẹni tí iná ń jó?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wò ó ló fà á. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà yẹn, àwòrán bíi 16 sí 18 ló sì ń yà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí fíìmù olóhùn dé, wọ́n sọ ọ́ di 24. Àwòrán 16 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan lórí fíìmù 35mm, nítorí náà róòlù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 1,000 ní àwòrán 16,000. Tí wọ́n bá fi 16 hàn án, á gba ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Tí wọ́n bá fi 24 hàn án, ìṣẹ́jú 11 lé díẹ̀ ló ti parí.

Tí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín bá ń sáré, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yí ìyára padà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi sí 0.75. Ìyẹn á sọ 24 di 18. Ẹ pa ohùn rẹ̀, nítorí orin á máa fà. Àwọn ẹ̀dà kan sì wà tí wọ́n ti tún àwòrán kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè bá 24 mu. Ìwọ̀nyẹn máa ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kò sì sí àtúnṣe tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eré sísá ni àṣìṣe. Àwọn ayàwòrán mọ̀ọ́mọ̀ máa ń rọra yí kámẹ́rà kí ìjà àti ìlépa lè yá. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ wo ibi tí èèyàn kan kàn jókòó tó ń jẹun, tàbí àwọn tó ń kọjá lọ lẹ́yìn. Tí ìyẹn bá rí bí ti gidi, ìyára yín ti tọ̀nà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò ní ìwé eré, pé ó kàn ń ṣe é bó ṣe ń bọ̀ lọ́kàn?

Fún ọ̀pọ̀ fíìmù aláìlóhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ “kàn ń ṣe é” kọ́. Ó máa ń kọ́ ibi ìṣeré kan, ó máa ń kó àwọn òṣèré sínú rẹ̀, á wá máa dánra wò pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń yí. Ohun tí kò bá pa á lẹ́rìn-ín, á jù ú nù, á tún un ṣe. Nígbà tí ọgbọ́n bá tán, á ti ibẹ̀ pa fún ọjọ́ bíi mélòó kan, owó àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa wọlé.

The Immigrant fi èyí hàn kedere. Ilé oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin kan tí kò lówó lọ́wọ́ ń jẹun, agbóúnjẹ tó burú lójú sì dúró tì í. Henry Bergman ló kọ́kọ́ ṣe agbóúnjẹ náà, kò dẹ́rù ba èèyàn tó, ni Chaplin bá fi Eric Campbell, òmìrán ọkùnrin, rọ́pò rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ yà. Ìgbà tí wọ́n ti yà á jìnnà ló tó bi ara rẹ̀ pé níbo ni ọkùnrin yìí àti ọmọbìnrin tó jókòó tì í ti pàdé. Ó wá ya ọkọ̀ ojú omi àwọn aṣíkiri, ó fi í síwájú. Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ lójú yín ni ibi tó yà kẹ́yìn.

City Lights le jù. Láti ìparí 1928 títí di 1930 ló fi yà á. Ìṣòro kan ló dè é mọ́lẹ̀: báwo ni ọmọbìnrin afọ́jú tó ń ta òdòdó ṣe máa rò pé olówó ni aláìnílé yìí, nínú fíìmù tí kò ní ohùn? Ìdáhùn tó rí ni ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọkùnrin náà gba inú ọkọ̀ olówó kan kọjá, ó sì ti ilẹ̀kùn gbà. Ọmọbìnrin gbọ́ ọ, ó rò pé òun ló ni ọkọ̀. Ìwé Guinness kà á sí ìgbà 342 tí wọ́n ya ibẹ̀. Láàrin kan, ó lé Virginia Cherrill tó ń ṣe ọmọbìnrin náà dànù, ó dán ẹlòmíì wò, ó sì tún pè é padà.

Ìgbà wo la kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣé òun náà ló sì ń ṣe orin?

Modern Times, 1936, nígbà tí fíìmù olóhùn ti gbilẹ̀ fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀: orin ló kọ, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò sì ní ìtumọ̀ ní èdè kankan. The Great Dictator ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe kékeré: aláìnílé yẹn ń yé ará Ṣáínà àti ará Jámánì bákan náà. Bó bá la ẹnu, ó di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo.

Ní ti orin, òun ló ń ronú rẹ̀. Kò lè kọ nóòtì orin sílẹ̀, nítorí náà á hùn ún tàbí kó tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù, àwọn onímọ̀ bíi David Raksin á wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ó sì yí okùn fàyólìn rẹ̀ padà kó lè ta á. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Smile wá láti inú Modern Times. Ọdún 1954 ni àwọn ẹlòmíì tó fi ọ̀rọ̀ sí i.

Ṣé ọ̀dọ̀ Hitler ló ti rí irunmú náà, àbí Hitler ló wò ó?

Chaplin ti ń lẹ̀ ẹ́ láti 1914, nígbà tí ayé ò tíì mọ Hitler rárá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàrin ìbí àwọn méjèèjì, Chaplin ni ẹ̀gbọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya The Great Dictator, fíìmù tó fi Hitler ṣe yẹ̀yẹ́, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, bí ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀, owó ara rẹ̀ ló sì fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ pé ká ní òun ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àgọ́ ìpànìyàn ilẹ̀ Jámánì, òun ò bá tí lè fi ṣẹ̀rín.

Ìyàwó mélòó ló fẹ́? Ṣé òótọ́ ni pé ọmọdé ni wọ́n?

Mẹ́rin. Mildred Harris (1918) àti Lita Grey (1924) jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó gbé wọn níyàwó. Ẹni ọdún 29 ló wà ní àkọ́kọ́, ẹni ọdún 35 ní ìkejì. Kò yẹ ká fi òkìkí rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Nígbà tí òun àti Lita Grey tú ká ní 1927, owó tó san lé ní dọ́là 600,000. Paulette Goddard ni ìkẹta. Ní 1943, ó fẹ́ Oona O'Neill, ọmọ ọdún 18, òun sì jẹ́ 54. Wọ́n bí ọmọ mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì kú sí.

Ilé ẹjọ́ ní òun ló ni ọmọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Ọ̀dọ́bìnrin òṣèré kan pè é lẹ́jọ́ ní 1943 pé Chaplin ló fún òun lóyún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ìyá jẹ́ A, ọmọ jẹ́ B, Chaplin jẹ́ O. Kò sí ibi tí ọmọ ti lè rí B lára àwọn méjèèjì, nítorí náà kì í ṣe òun ni bàbá. Àmọ́ lábẹ́ òfin California nígbà náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ dúró. Ní 1945 ni wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kó máa san owó ìtọ́jú títí ọmọ náà á fi pé ọdún 21.

Kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi tì í síta?

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló dì mọ́ra: pé kò gba ìwé ọmọ onílùú, ẹjọ́ tí a sọ lókè, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ ní 1942 láti ti Soviet lẹ́yìn nígbà ogun. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Kọ́múníìsì tipẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, ó wọ ọkọ̀ Queen Elizabeth lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ṣí fíìmù rẹ̀ tuntun, Limelight. Ojú omi ló wà tí wọ́n fi fagi lé ìwé àṣẹ tó fi lè padà wọlé. Ó fi Switzerland ṣe ilé, ní Corsier-sur-Vevey. Ilé náà ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé láti 2016, ẹ lè lọ wò ó.

Ní 1972 ló tó padà, láti gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ọlọ́lá. Èyí ni ìkejì. Ó ti gba ọ̀kan ní 1929 fún The Circus. Ìkẹta dé ní 1973 fún orin Limelight, nítorí ọdún 1972 ni fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Los Angeles. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi í jẹ oyè Sir ní 1975.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n jí òkú rẹ̀?

Òótọ́ ni. Ó kú ní ọjọ́ Kérésìmesì 1977. Ní oṣù Kẹta 1978, ọkùnrin méjì wú pósí rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè owó ìràpadà. Oona kọ̀ jálẹ̀. Ọlọ́pàá mú wọn nípa ṣíṣọ́ àwọn ilé tẹlifóònù, wọ́n rí pósí náà nínú oko kan nítòsí Noville ní oṣù Karùn-ún. Kọnkéré ló wà lórí rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀dà fíìmù kan náà yàtọ̀ síra. Èwo ni ojúlówó?

Ó sinmi lórí fíìmù. The Gold Rush ní méjì: ti 1925 tó gùn tó ìṣẹ́jú 95, àti ti 1942 tí Chaplin gé sí nǹkan bí 72, tó fi ohùn ara rẹ̀ àti orin sí. Ti 1942 kò ní ìfẹnukonu tó wà ní ìparí ti 1925. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe méjèèjì, àmọ́ ti 1925 ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. The Kid tí ẹ máa ń rí pẹ̀lú orin rẹ̀, ti 1971 ni, nígbà tó gé díẹ̀ kúrò nínú ibi tí ìyá ọmọ ti farahàn.

Ti Essanay ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Róòlù méjì ni Chaplin ṣe Carmen. Lẹ́yìn tó kúrò, iléeṣẹ́ náà fà á gùn di mẹ́rin, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì pàdánù. Triple Trouble (1918) burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àjókù àti àfikún tí wọ́n rán pọ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ àwọn fíìmù kúkurú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ wá èyí tí Cineteca di Bologna àti Lobster Films tún ṣe. Nínú gbogbo ti Keystone, Her Friend the Bandit nìkan ló sọnù pátápátá. A Thief Catcher, tó ti ṣe ọlọ́pàá fún ìgbà díẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ di rírí padà ní nǹkan bí 2010.

Ṣé mo lè gbé fíìmù rẹ̀ sórí ìkànnì mi?

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo fíìmù tó jáde kó tó di 1930 ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. City Lights á bọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2027, Modern Times ní 2032. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹṣèwé ni wọ́n ń kà, ìyẹn òpin 2047, iléeṣẹ́ Roy Export ní Paris ló sì ń bójú tó o.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kó sí wàhálà ni orin. Àwòrán The Kid ti 1921 lè jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n orin 1971 tó wà lórí rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tuntun sì lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kí ẹ tó gbé e sókè, ẹ wá ẹ̀dà tó ti pẹ́, ẹ yọ ohùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi dùùrù tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ sí i.